Níbo Lo Ti Rí I? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Kíka Ìwé Ìtàn Àròsọ Àgbà Pẹ̀lú Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin àgbà olùkọ́, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ bá wa péjọ, mo kí yín. Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti ka ìwé ìtàn àròsọ àgbà nínú kíláàsì, kí wọ́n sì jíròrò lórí rẹ̀. Kí n tó sọ ohun tí mo rò pé ó yẹ ká máa ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí èmi fúnra mi ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé inú àṣìṣe yẹn ni ohun tí mo fẹ́ sọ ti jáde.

Ní ọdún kan, mo ń máàkì ìwé ìdánwò lórí Things Fall Apart, ìwé tí Chinua Achebe kọ. Nígbà tí mo dé orí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kẹta, mo rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ pé ọdún mẹ́jọ ni Okonkwo, akọni ìtàn náà, lò ní ìlú àwọn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò ní Umuofia. Mo fi bírò pupa fa igi lé e. Ìwé kẹrin kọ mẹ́jọ, ìkarùn-ún náà kọ mẹ́jọ. Nígbà tí mo ti ka ogún ìwé tí mẹ́jọ yìí kò sì yéé yọjú, ọkàn mi sọ fún mi pé kí n lọ wo àkọsílẹ̀ tí mo fi kọ́ wọn. Mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, gàdàgbà, ìkọ̀wé ọwọ́ mi. Ọdún méje ni ìwé náà sọ, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó bá mi jiyàn, nítorí pé kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ka ìwé náà. Èmi ni mo ti bá wọn kà á, èmi ni mo ti bá wọn rò ó, mo wá pọn ohun tí mo rò sínú àkọsílẹ̀, wọ́n sì há a sórí. Ẹ̀dùn ọkàn ibẹ̀ ni pé gbogbo wọn yege.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń mú ìbéèrè kan dání wọ kíláàsì, òun náà ni mo fi ṣe orúkọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé Okonkwo le koko, níbo lo ti rí i? Bí èmi olùkọ́ bá sọ pé ẹ̀rù ló ń bà á, níbo ni mo ti rí i? Ẹ ṣí ìwé, ẹ fi ìka lé orí ìlà náà, ẹ kà á sókè kí gbogbo wa gbọ́. Ohun tó kù tí mo máa sọ lónìí, ẹ̀ka igi yẹn ni.

Ohun tí mo pè ní ìwé àgbà kì í ṣe ìwé tó gbó. Ìwé àgbà ni ìwé tí púpọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ kà á ti kú, tí àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà sì tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń bá a jà. Ní ọdún 1958 ni wọ́n tẹ ìwé Achebe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀dà 2,000 péré sì ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Lónìí, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tó lé ní 50. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń wọ kíláàsì pẹ̀lú òkìkí, òkìkí náà gan-an ló sì máa ń ba nǹkan jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́ pé ìwé ńlá ni, ó sì gbà pé ohun tí òun lè sọ nípa rẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán. Kí ló wá kù fún un bí kò ṣe pé kó dákẹ́, kó máa da ohun tí olùkọ́ bá sọ kọ?

Àwa olùkọ́ náà máa ń ran ìdákẹ́jẹ́ yẹn lọ́wọ́. A ó lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìtàn ìjọba amúnisìn, a ó sọ ìgbésí ayé òǹkọ̀wé láti ọjọ́ ìbí, a ó ka kókó ọ̀rọ̀ méje sórí pátákó, a ó sọ ìwà ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣí ojú-ìwé kìíní. Ó dà bí alárinà tó ń ròyìn ìyàwó fún ọkọ títí tí ọkọ fi sùn lọ. Mi ò ní kí a má sọ ìtàn tó yí ìwé ká o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a jẹ́ kí ìwé fúnra rẹ̀ béèrè fún un. Ní orí kẹẹ̀ẹ́dógún, Obierika, ọ̀rẹ́ Okonkwo, wá sọ fún un bí òyìnbó kan ṣe gun ẹṣin irin dé Abame, bí wọ́n ṣe pa á, tí wọ́n sì so ẹṣin irin rẹ̀ mọ́ igi, àti bí àwọn òyìnbó mìíràn ṣe wá yí ọjà ìlú náà ká lọ́jọ́ tó kún, tí wọ́n pa ìlú run. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ka ibẹ̀, ẹnìkan á béèrè bóyá irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí. Ìgbà yẹn ni mo máa ń sọ fún wọn pé ní ọdún 1905, ní agbègbè Ahiara ní ilẹ̀ Ìgbò, wọ́n pa dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Stewart, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, ìjọba amúnisìn sì rán àwọn ológun lọ gbẹ̀san lára àwọn ará agbègbè náà. Bí mo bá ti sọ èyí ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọjọ́ kan láàárín ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ì bá jẹ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti rí ẹṣin irin tí wọ́n so mọ́ igi kó má baà sá lọ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọdún 1905 di ohun tí etí wọn ń wá.

Ìtàn kan péré nípa ìwé náà ni mo máa ń sọ ṣáájú, nítorí pé kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọwọ́ ni Achebe fi kọ ọ́, kò sì ní ẹ̀dà mìíràn. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n bá òun fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé náà jù sí kọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò fi gba ìsinmi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tó sì lọ bá wọn nílé iṣẹ́ wọn. Mo máa ń gbé ìwé náà sókè nígbà tí mo bá parí ìtàn yìí, kí wọ́n wo bí ohun tí ì bá sọnù ṣe rí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kà á sókè fún wọn. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kà á, kó má tètè gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ahọ́n rẹ̀ ń kọ́ lu ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìwé tí a bá fi ìkólòlò bẹ̀rẹ̀, ìkólòlò ni etí á máa gbọ́ dé ìparí. Orí kìíní ni mo máa ń kà, ibi tí Okoye ti wá sin owó ẹyọ tí Unoka, bàbá Okonkwo, yá lọ́wọ́ rẹ̀. Okoye jókòó, wọ́n pa obì, ó sọ̀rọ̀ yíká yíká, ó fi òwe lé òwe kó tó kan gbèsè náà. Unoka bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí Okoye wo ara ògiri, níbi tó ti fi ẹfun fa ìlà fún gbogbo ẹni tó jẹ ní gbèsè, ìlà kan fún ọgọ́rùn-ún ẹyọ, ó sì ní gbèsè ńlá ni òun máa kọ́kọ́ san kí òun tó kan kékeré. Okoye ká awọ ewúrẹ́ tó jókòó lé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo máa ń ya àwọn ìlà náà sórí pátákó, kíláàsì á sì máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín bá rọlẹ̀, mo máa ń béèrè pé: kí ló pa wá lẹ́rìn-ín? Wọ́n á ní ọgbọ́n rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ tó le ni, ètò tó ṣe sí gbèsè tí kò ní san láéláé ni. Ní ọdún kan, ọmọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, wí pé: “Mà, ẹ̀rín tí à ń rín yìí, ọmọ rẹ̀ kò rín in.” Mo bi í pé níbo lo ti rí i. Ó yẹ ojú-ìwé, ó sì kan ibi tí ìwé náà ti sọ pé ojú bàbá rẹ̀ ń ti Okonkwo. Mo ti ka ìwé yẹn ní ìgbà tí mi ò lè kà mọ́, mi ò sì rí i rí pé òǹkọ̀wé ti mọ̀ọ́mọ̀ mú wa rẹ́rìn-ín lórí ohun tó pa ẹlòmíràn lẹ́kún, kó tó mú wa wọ ilé ẹni tó sunkún náà. Ọmọkùnrin yẹn fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ìwé tí mo rò pé ó ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́.

Lórí bí a ṣe ń pín kíkà sílé, mi ò ní pẹ́. Orí 25 ni ìwé náà ní, ó sì wà ní apá mẹ́ta: 13 nínú apá kìíní, mẹ́fà nínú èkejì, mẹ́fà nínú ẹ̀kẹta. Orí méjì sí mẹ́ta tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń ní kí wọ́n mú bọ̀ láti ilé, ìyẹn ìbéèrè kan tí àwọn fúnra wọn kò mọ ìdáhùn rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú-ìwé. Ẹni tó gba ìtàn gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ kò lè rí ìbéèrè tòótọ́ mú wá. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ ẹni tó kà nìyẹn, láìṣe ọlọ́pàá.

Ibi tí mo fẹ́ ká jókòó sí dáadáa ni ìbéèrè tí olùkọ́ ń bi kíláàsì. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè wa ni kì í ṣe ìbéèrè. Nígbà tí mo bá wí pé, “Irú ènìyàn wo ni Okonkwo?”, tí akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn pé alágbára ni, tí mo ní “Kí ló tún kù?”, tó ní òṣìṣẹ́ ni, tí mo tún ní “Kí ló tún kù?”, gbogbo kíláàsì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fi pamọ́ sínú àpò, àlọ́ àpamọ̀ sì ni à ń pa. Ìbéèrè tó ń bí ìjíròrò ni èyí tí olùkọ́ náà kò tíì parí rírò rẹ̀. Bí ìdáhùn rẹ bá ti wà nínú àkọsílẹ̀, máa sọ ọ́ fún wọn tààrà, má fi àkókò wọn ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí n fi orí keje ṣe àpẹẹrẹ. Ikemefuna, ọmọkùnrin tí ìlú mìíràn fi san ẹ̀san ẹ̀jẹ̀ fún Umuofia, ti gbé ọdún mẹ́ta nílé Okonkwo, bàbá ló ń pè é. Òrìṣà ní kí wọ́n pa ọmọ náà. Ezeudu, àgbà ìlú, wá kìlọ̀ fún Okonkwo pé ọmọ tó ń pè ọ́ ní bàbá, má lọ́wọ́ nínú ikú rẹ̀. Okonkwo bá wọn lọ síbẹ̀. Nínú igbó, ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ ṣá ọmọ náà, ìkòkò ẹmu tó rù já bọ́, ó fọ́, ó sáré sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú igbe, bàbá rẹ̀ sì yọ àdá, ó ṣá a pa. Ìwé náà wá fi gbólóhùn kúkúrú kan lé e: ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má baà rò pé ojo ni òun.

Ní ìgbà àtijọ́, mo máa ń béèrè pé, “Kí nìdí tí Okonkwo fi pa Ikemefuna?” Gbólóhùn kúkúrú yẹn ni ìdáhùn, ẹnìkan á kà á jáde, ó tán. Ohun tí mo ń béèrè nísinsìnyí ni èyí: nínú gbogbo àwọn tó mọ̀ pé ọmọ náà máa kú, ta ni ó yẹ kí ó dá a dúró, ìgbà wo ló sì yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí kò ní ojú-ìwé kan tí wọ́n lè sá lọ bá. Wọ́n ní láti padà sí ibi tí Ezeudu ti kìlọ̀, kí wọ́n wò ó pé òun náà kò sọ pé kí wọ́n má pa ọmọ, ó kàn ní kí Okonkwo má dá sí i ni. Wọ́n ní láti lọ sí orí kẹjọ, níbi tí Obierika ti ní òun jókòó sílé ní tòun, tí Okonkwo sì dá a lóhùn pé iṣu gbígbóná tí ìyá bá fi lé ọmọ lọ́wọ́ kì í jó ọmọ. Ọmọbìnrin kan bínú sí Obierika ju Okonkwo lọ. Ó ní ẹni tó mọ̀ pé nǹkan burú tó lọ jókòó sílé kò sàn ju ẹni tó gbé àdá. Ẹnìkejì rẹ̀ sọ pé bí wọ́n bá jọ lọ, òkú á di méjì. Odidi ogún ìṣẹ́jú ni mi ò fi la ẹnu, àfi láti béèrè pé níbo lo ti rí i.

Kí n tó lè dákẹ́ débẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Mary Budd Rowe, ará Amẹ́ríkà kan tó ṣe ìwádìí nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní nǹkan bí ọdún 1970, rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ lẹ́yìn ìbéèrè kó tó dáhùn fúnra rẹ̀ tàbí kó pe ẹlòmíràn. Ó sì rí i pé bí olùkọ́ bá lè dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta dà bí ohun kékeré létí. Ẹ lọ dán an wò níwájú ogójì ọmọ tó ń wò yín lójú. Èmi máa ń yí ẹ̀yìn padà sí wọn, kí n máa pa pátákó tó ti mọ́ rẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ní kí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi kó fi aago wo iye ìgbà tí ohùn mi fi ń dún, ó ní nínú ogójì ìṣẹ́jú, mo gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo bá a jiyàn. Ó fi ìwé hàn mí.

Ọ̀nà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ fún kíláàsì tó kún, tí a kò lè tún bẹ́ńṣì tò, ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí iwájú yí ojú sí ẹ̀yìn, kí méjì méjì sọ ọ́ fún ara wọn, kí a tó sọ ọ́ ní gbangba. Ẹni tó ń tijú kì í tijú níwájú ẹnìkan tó bí ó ti ń tijú níwájú ogójì. Ọ̀rọ̀ tó sì ti jáde lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, kò ṣòro láti jáde lẹ́ẹ̀kejì.

Ìjíròrò kì í ṣe kí olúkúlùkù sọ tẹnu rẹ̀ kí a pàtẹ́wọ́ fún un o. Mo rí àwọn olùkọ́ tí wọ́n sá kúrò nínú kí olùkọ́ máa sọ ohun gbogbo, tí wọ́n wá bọ́ sínú kí ohunkóhun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ máa tọ̀nà. Èyí náà kì í ṣe kíkà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìgboyà sọ fún kíláàsì wa pé Okonkwo kò ní ìfẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́kàn, ó sì fi ẹ̀rí gbè é: ó lu ìyàwó rẹ̀ nínú Ọ̀sẹ̀ Àlàáfíà, ọ̀sẹ̀ tí ìjà jẹ́ èèwọ̀, ní orí kẹrin, ó yin ìbọn sí Ekwefi, ìyàwó rẹ̀ mìíràn, ní orí karùn-ún. Ẹ̀rí náà dúró. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan ní kí a ṣí orí kejìlá. Lálẹ́ tí abọrẹ̀ gbé Ezinma, ọmọbìnrin Okonkwo àti Ekwefi, pọ̀n lọ sínú ihò òrìṣà, tí Ekwefi tẹ̀lé e nínú òkùnkùn, Okonkwo náà jáde. Ó lọ síbẹ̀, ó padà, ó tún lọ. Ìgbà kẹrin tó lọ ló tó bá Ekwefi níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ rárá. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kà á, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní òun fẹ́ tún ọ̀rọ̀ òun sọ: kì í ṣe pé kò ní ìfẹ́, ó ń fi pamọ́ bí ẹni tó jí nǹkan ni. Mi ò lè kọ gbólóhùn tó dára tó bẹ́ẹ̀ sórí pátákó. Ohun tó sì gbé e débẹ̀ ni pé ẹnìkan já a nírọ́ pẹ̀lú ojú-ìwé.

Ọ̀rọ̀ èdè wá kàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé yìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò rẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì ka sísọ èdè abínibí nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kiri kò ní àyè láti wá èrò. Kí wọ́n kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n jà lórí rẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n sì padà kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ gbogbo fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ tó fi èdè ìyá rẹ̀ ronú kò yí padà nítorí pé ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀ tí a kì í lò tó. Nínú ìtàn Okoye àti Unoka yẹn náà ni Achebe ti wí pé lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò, òwe ni epo pupa tí wọ́n fi ń jẹ ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ wa á ti gbé e: òwe lẹṣin ọ̀rọ̀! Ìgbà yẹn ni olùkọ́ máa ń ní “Ẹ ṣeun, ọ̀kan náà ni,” kó sì kọjá lọ. Ọ̀kan náà kọ́ o. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Ẹṣin yẹn ń wá ohun tó sọnù. Epo kì í wá nǹkan kan. Ohun tó le ni epo ń mú kó gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá. Mo ní kí wọ́n padà lọ wo Okoye, kí wọ́n sọ fún mi èwo ló ń lò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sọnù, ó mọ ohun tó wá gbà. Ó le láti sọ ni, nítorí náà ó fi epo sí i. Wọn ò ní gbàgbé ibi tí òwe náà wà nínú ìtàn mọ́ láéláé, wọn á sì máa fura sí òwe tiwọn náà.

Ẹ̀yin òbí á máa ronú pé ìdánwò ńkọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Àkọsílẹ̀ tí mo máa ń fún wọn tẹ́lẹ̀ gùn tó ogún ojú-ìwé. Nísinsìnyí, lẹ́yìn ìjíròrò kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ ìpínrọ̀ kan: ohun tí mo rò, ibi tí mo ti rí i, ohun tí ẹni tó lòdì sí mi rí. Bí ìwé bá fi máa parí, ìpínrọ̀ bí ogún ti wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, tí ọwọ́ rẹ̀ kọ, tí kò sì sí méjì tó jọra wọn. Ìyẹn ni wọ́n ń kà fún ìdánwò. Ó ń gba àkókò ju títú àkọsílẹ̀ sílẹ̀ lọ, mi ò ní parọ́, nǹkan kan sì gbọ́dọ̀ kúrò kó tó lè rí àyè. Èmi yọ àkékúrú ìtàn tí a máa ń kọ lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan kúrò. Kò sí ẹni tó wá a.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu kàn kí a tó dé ìparí ìwé náà, nítorí pé Okonkwo pokùnso. Nínú kíláàsì ogójì, olùkọ́ kò mọ ẹni tí irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wọ ilé rẹ̀. Mo máa ń sọ ohun tó ń bọ̀ fún wọn ní ọjọ́ kan ṣáájú, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà lè dákẹ́, pé ẹni tó bá sì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ yóò rí mi.

Ojú-ìwé tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ fi yín sílẹ̀ sí. Obierika sọ̀rọ̀ lórí òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ há. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó náà gbọ́, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ, ó ń ro ìwé tí òun máa kọ nípa bí òun ṣe mú àwọn ẹ̀yà tó pè ní aláìlajú rọlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò Ọya. Ó rò ó pé ìtàn ọkùnrin tó pokùnso yìí tó orí kan nínú ìwé náà. Ó tún un rò, ó ní bóyá kò tó orí kan, ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ kan tó mọ níwọ̀n á tó.

Kò sí ìbéèrè tí mo ń bi wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ ni mo ń fún wọn: ẹ kọ ìpínrọ̀ ajẹ́lẹ̀ náà. Ẹ kọ ọ́ bí òun ṣe máa kọ ọ́, pẹ̀lú ohun tí òun mọ̀, kí ó má lé ní ìlà mẹ́jọ. Kíláàsì máa ń dákẹ́ ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wọ́gi lé e, nítorí pé ohun gbogbo tí wọ́n bá fẹ́ kọ, wọ́n á rántí pé ajẹ́lẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Kò mọ Ikemefuna. Kò mọ ìlà ẹfun ara ògiri. Kò mọ̀ pé ọkùnrin náà jáde nígbà mẹ́rin lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí ọmọbìnrin kan. Ní ọdún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan mú ìwé rẹ̀ wá, gbólóhùn kan ló wà níbẹ̀: ọkùnrin kan pa ìránṣẹ́ ìjọba, ó sì pokùnso. Mo ní ìlà mẹ́jọ ni mo ní kí o kọ. Ó ní, “Mà, mo wá ohun tó kù tó lè mọ̀, mi ò rí i.” Ẹni tó jókòó tì í ní ó lè mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bóyá ajẹ́lẹ̀ náà fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ Okonkwo níbì kankan. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí agogo lù, kò sì sí ẹni tó dìde.